Ẹṣin Tó Yà sí Òsì

Kí ẹnikẹ́ni tó bi Adéolú léèrè ọ̀rọ̀ ló ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Evelyn Mákánjúọlá lóminú nìyẹn.

Evelyn ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Èkó kó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Houston, níbi tó ti ń bá àwọn lọ́yà tọpinpin ọ̀rọ̀ tó bá rú wọn lójú. Ó ti rí olè, ó ti rí gbájú-ẹ̀, ó sì ti rí ẹni tó pa èèyàn tán tó tún jókòó jẹun kí ọlọ́pàá tó dé. Ó mọ̀ pé ẹni tó jẹ̀bi lóòótọ́ a máa ṣàwáwí. Á ní ilẹ̀ ló yọ̀, á ní òòrùn ló wọ òun lójú, á ní ẹni tó wà níwájú ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Adéolú kò wá àwáwí kankan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó dorí kodò, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé.

"Èmi ni, sà," ló sọ fún alága. "Mi ò kíyè sára. Ìyà tó bá tọ́ sí mi, mo ti gbà á."

"Adéolú, a ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀, sà. Kí n má baà fi àkókò yín ṣòfò ni."

Alága kọmítì ìbáwí, Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé Ọlátúnbọ̀sún, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà jáde tán, ó yíjú sí Evelyn, tí wọ́n pè láti bá wọn wádìí ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Kí ló tún kù tá a fẹ́ wádìí?"

"Ìdí tó fi yá a lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀," Evelyn dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n ń lé ló máa ń sáré. Èmi fẹ́ mọ ohun tó ń lé e."

Ọdún 1985 ni. Lẹ́yìn Missouri City, níbi tí ilé ti ń tán tí pápá sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan àti àwọn aládùúgbò wọn tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ eléré ẹṣin kan sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gun ẹṣin nínú irú eré yìí. Kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń so mọ́ ẹṣin lẹ́yìn. Awakọ̀ á jókòó sórí rẹ̀, á di okùn ìjánu mú. Ẹṣin kò sì gbọdọ̀ sá àsápajúdé. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa gbé ẹsẹ̀, bó bá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó di ẹ̀yìn. Kò sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀, torí òfin Texas kò gbà á nígbà náà. Ife fàdákà kan àti iyì ni wọ́n ń sá fún.

Ní Sátidé tó kọjá, ní kọ́nà tó kẹ́yìn, Adéolú àti Anthony, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń sá ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Anthony wà ní ọwọ́ òsì, lọ́dọ̀ ọgbà inú. Adéolú wà ní ọwọ́ ọ̀tún, lọ́dọ̀ àwọn òǹwòran. Lójijì ni ẹṣin Adéolú, abo kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, yà sí òsì. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kọ lu ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Anthony fò sókè bí àpò ẹ̀wà, ó balẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́.

Ẹ̀sùn tí òfin ẹgbẹ́ kà sí Adéolú lẹ́sẹ̀ kò ṣòro láti sọ: ó fi àìkíyèsára dí ẹlòmíràn lọ́nà, ẹlòmíràn sì fara pa. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọdún kan. Èyí tó burú jù ni pé pápá eré ńlá kan ní ìhà àríwá ti ṣèlérí láti gbà á síṣẹ́ awakọ̀ bí òtútù bá ti lọ. Kò sì sí pápá tó máa gba ẹni tí ìdájọ́ báyìí bá wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ máa jókòó lé e lórí?" Evelyn béèrè.

"Sátidé."

"Ẹ fún mi di ìgbà náà."

*

Anthony wà lórí ibùsùn ní ọsibítù, wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ òkè. Bó ti rí Evelyn ló rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí!"

Ọ̀sán gangan ni. Ará Ìlá ni bàbá rẹ̀ tó ti kú, ọmọ Houston níbí ni ìyá rẹ̀, Yorùbá tí bàbá fi sílẹ̀ fún un kò sì ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá ọ̀rọ̀ tó kù lọ.

"Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ àti Adéolú jà," ni Evelyn wí.

"A jà dáadáa. Níbi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ọ̀lù, lójú gbogbo ayé. Mo ní ó dí mi lọ́nà nínú eré kan, òun náà ní èmi ni mo pẹ́ kí n tó yà."

"Báwo ló ṣe parí?"

"Ebi pa wá. A lọ jẹ báàgà."

"Ó sanwó tìrẹ?"

"Òun ló san tèmi, mà. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ó gbà pé òun ló jẹ̀bi."

Evelyn rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ nípa ìjà yẹn lẹ́nu èèyàn mẹ́ta kó tó dé ọsibítù, oníkálukú sì ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san kì í fi òógùn ojú rẹ̀ bọ́ ọ̀tá.

"Sọ ohun tó o rí fún mi. Kì í ṣe ohun tó o rò, ohun tó o rí."

Anthony di ojú. "Mo rí Adéolú. Ó ti fi gbogbo ara fa okùn sí ọ̀tún, ó kù díẹ̀ kó já bọ́. Ẹṣin náà ni kò gbọ́ tiẹ̀."

"Kí ló tún kù?"

"Ó nira láti ṣàlàyé. Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, á yà, ṣùgbọ́n bó bá rí ẹṣin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á yẹra. Àbẹ̀kẹ́ kò yẹra rárá. Ó kàn wọlé tọ̀ mí bí ìgbà tí èèyàn bá ń wọ yàrá tó ṣófo."

Evelyn dìde. Ó gbé omi sún mọ́ ọn, ó tẹ́ aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti dúró sí yàrá tó ṣófo yẹn.

*

Lará ló mú un yí pápá náà ká lọ́jọ́ kejì. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí bí ni, bàbá rẹ̀ ló sì ni Àbẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ní láísẹ́ǹsì awakọ̀ tirẹ̀ náà.

Wọ́n kọ́kọ́ yẹ okùn ìjánu wò. Evelyn fi ìka tọ́ ọ láti òpin dé òpin. Kò já, kò fọ́, ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀bẹ kàn án. Irin tó wà lẹ́nu ẹṣin náà pé. Ó yẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò, kò sí ohun tó tú níbẹ̀ àyàfi ibi tí ó ti kọ lu ti Anthony.

Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà tó kẹ́yìn, wọ́n bá obìnrin kan tó jókòó sórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Adébùnmí lorúkọ rẹ̀, ìjọ Aládùúrà kan náà lòun àti Evelyn ń lọ.

"Sísítà Adébùnmí, kí ló dé?"

"Èmi ni, Sísítà Evelyn. Èmi ni mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe." Ó nawọ́ sí agboòrùn funfun tó wà nílẹ̀. "Òòrùn mú mi lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni mo ṣí i, fáà! Ẹṣin yẹn rí i, ó sì yà. Mo ti ń sọ ọ́ fún wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ní Adéolú ti gbà."

Lará di ọwọ́ Evelyn mú. "Àǹtí, ó ti yé wa nìyẹn! Agboòrùn ni. Adéolú ò jẹ̀bi."

Evelyn mú agboòrùn náà, ó ṣí i, ó pa á dé. Lóòótọ́ ló ń ró bí ìyẹ́ ẹyẹ ńlá. Ó dúró síbi tí Adébùnmí jókòó sí, ó wo pápá. Ọwọ́ ọ̀tún ẹṣin ni agboòrùn wà. Ẹ̀rù ti ọ̀tún wá, ẹṣin sì sá sí òsì. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu.

"Ó yé wa dé àbọ̀ ni," ló sọ fún Lará. "Bí ajá bá gbó mọ́ ọ ní ọ̀tún, o lè sá sí òsì. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá wà ní òsì ńkọ́?"

"N ò ní sá lu ògiri, mà."

"Kí nìdí?"

"Torí mo rí i ni."

Evelyn gbé agboòrùn náà padà sílẹ̀. Ó yẹ kí ó mú Adébùnmí lọ́kàn le, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fà á dìde, ó ní kó lọ sílé lọ sinmi, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí Lará mú òun lọ kí Àbẹ̀kẹ́.

*

Ilé ẹṣin náà tutù, fáànù ńlá kan ń yí lókè. Àbẹ̀kẹ́ pupa bí epo, àmì funfun kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ gaara. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lára. Ọkùnrin gíga ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì rọra ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n," ni Evelyn kí i.

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa. Ọ̀rọ̀ Adéolú lẹ bá wá?"

"Òun náà ni. Wọ́n ní ìyàwó yín olóògbé ló tọ́ ẹṣin yìí."

Ojú bàbá náà rọ̀. "Ọmọ́níkẹ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ló ti ń fún un ní wàrà nínú ìgò. Òun ló sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́. Ó ti pé ọdún méjì tí ìyá náà ti lọ, bí mo bá sì wọlé síbí báyìí, á dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọn omi ni."

Ó bọ́ sí ìta láti lọ mú korobá. Nígbà tó padà wọlé, Evelyn kíyè sí i. Evelyn kì í ṣe ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ló ti ń wo àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin nínú ọgbà náà. Ọwọ́ òsì ẹṣin ni gbogbo wọn ń gbà sún mọ́ ọn; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe kọ́ ẹṣin. Ọlọ́runyọmí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn ẹṣin náà po, ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, "Àbẹ̀kẹ́, èmi ni o," kó tó fọwọ́ kàn án.

Lará ò rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Ó ti mọ́ ọn lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òùngbẹ ń gbẹ mí," ni Evelyn wí.

Bí bàbá ti jáde lọ wá omi tútù ni Evelyn tú báàgì rẹ̀, ó mú òwú tó máa ń fi nu ọ̀dà ojú, ó ya díẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró sí ọ̀tún Àbẹ̀kẹ́, ó jẹ́ kí òwú náà já bọ́ wẹ́lẹ́ níwájú ojú rẹ̀. Ẹṣin náà ṣẹ́jú, ó tẹ̀lé òwú náà títí ó fi balẹ̀. Evelyn bọ́ sí òsì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú já bọ́. Ojú náà mọ́, ó dán, ó lẹ́wà. Kò ṣẹ́. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìgbà tí èèyàn ń ju òwú níwájú fèrèsé ni.

"Àǹtí," Lará sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí nìyẹn?"

"Ojú lásán ni. Àbẹ̀kẹ́ ò ríran ní òsì."

Lará fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Agboòrùn dẹ́rù bà á láti ọ̀tún. Ó wá sá sí ibi tó rò pé kò séwu. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kò sí Anthony, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí nǹkan kan. Kò sí bí Adéolú ṣe lè fa okùn tó tí ẹṣin náà fi máa mọ̀ pé ògiri wà níwájú òun." Ó sọ òwú náà padà sínú báàgì. "Má sọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Kódà bàbá rẹ."

"Bàbá mi? Kí ló kan bàbá mi?"

Evelyn kò dáhùn, torí bàbá náà ti ń bọ̀ pẹ̀lú ife omi.

*

Inú apátímẹ́ǹtì kan tí kò jìnnà sí fíríwéè, òpópónà márosẹ̀ ìlú náà, ni Adéolú ń gbé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Evelyn, ó wá àga fún un, ó ń sáré sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí àlejò ká mọ́ ibi tí kò ti gbá ilẹ̀.

"Jókòó," ni Evelyn wí. "Àbẹ̀kẹ́ ò ríran ní ojú òsì."

Adéolú jókòó.

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Anthony lọ. Mo lọ bá a nílé ẹṣin, mo fẹ́ bọ́ ìjánu rẹ̀. Mo gba òsì wọlé, n kò sọ̀rọ̀, ó sì fò bí ẹni rí ejò. Mo ju ọwọ́ níwájú ojú rẹ̀. Mo wá mọ̀."

"O sì wá lọ sọ fún kọmítì pé o ò kíyè sára."

"Ó yẹ kí awakọ̀ mọ ẹṣin tó ń wà, mà."

"Oníṣègùn ẹranko tó máa ń wá sí ọgbà gan-an ò mọ̀. Bàbá Lará ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀?"

"Rárá! Wọn ò mọ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan."

Ó tún ti yá a lẹ́nu jù. Evelyn kàn ń wò ó, ọmọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha itan ṣòkòtò rẹ̀.

"Nígbà tí mo dé Houston," ni Adéolú wí níkẹyìn, "ẹni tó yẹ kó wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú ò wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sùn. Màmá Lará ló rí mi níbẹ̀, wọ́n mú mi lọ sílé wọn, mo sì gbé níbẹ̀ títí mo fi lè dá dúró. Àwọn àti Bàbá ló kọ́ mi ní ẹṣin. Nísinsìnyí Màmá ti lọ. Ẹgbẹ́ ò gba ẹṣin olójú kan láàyè láti sáré, wọn ò sì gba ẹṣin tí kì í sáré mọ́ sínú ọgbà. Apátímẹ́ǹtì ni Bàbá ń gbé, ibo ni wọ́n fẹ́ mú un lọ? Ibi ìgbàǹjo ni. Ẹ mọ ohun táwọn tó ń ra ẹṣin níbẹ̀ ń fi í ṣe, mà. Wọn ò rà á torí àtifún un ní koríko, pípa ni wọ́n ń pa á tà."

"O wá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ dí i."

"Èmi ṣì kéré. Mo lè rí iṣẹ́ mìíràn."

"Adéolú, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tara tìrẹ nìkan ló bá ọ dákẹ́. Ẹni tó tún máa jókòó sẹ́yìn ẹṣin yẹn ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ò ní jẹ́ kó sáré mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Adéolú nìkan ló ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

*

Evelyn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó kù fún un ni bóyá Ọlọ́runyọmí mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn máa gba ọwọ́ ọ̀tún sún mọ́ ẹṣin torí pé ejìká ń dùn ún. Ó ṣeé ṣe kó máa sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án torí pé àgbà kò ní ẹlòmíràn tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Kò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí ohun tó ṣeé ṣe. Ó sì ti gbọ́ lẹ́nu alága pé Ọlọ́runyọmí ti fún wọn lórúkọ Àbẹ̀kẹ́ fún eré Sátidé tó máa tẹ̀lé ìgbẹ́jọ́. Wọn ò tíì mọ ẹni tó máa wà á.

Ó pe Lará lórí fóònù.

"Lọ sọ fún bàbá rẹ pé ìwọ lo máa wa Àbẹ̀kẹ́. Má sọ ohun mìíràn. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Ọbẹ̀ ń hó lórí sítóòfù nínú apátímẹ́ǹtì bàbá náà lọ́jọ́ náà. Ọlọ́runyọmí ń gé àlùbọ́sà, ó ń bá Evelyn sọ̀rọ̀ nípa bí epo rọ̀bì ṣe ń já wálẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ sì ń dá èèyàn dúró. Lará wọlé, ó jókòó sórí apá àga.

"Dádì, mo ti pinnu. Èmi ni màá wa Àbẹ̀kẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀ yẹn."

"Rárá."

Ọ̀bẹ dúró lórí àlùbọ́sà. Bàbá tí kò tíì sọ rárá fún ọmọ yìí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé ni.

"Kí ló dé, Dádì? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo ní rárá, Lará. O ò gbọdọ̀ wà á."

"Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n wà ni?"

"O mọ̀ ọ́n wà! Kì í ṣe…" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Evelyn, ó sì tún wo ọmọ rẹ̀. Ó rí i pé ọmọbìnrin náà ń sunkún, ó sì mọ̀ pé kò tíì sọ nǹkan kan tó yẹ kó pa á lẹ́kún.

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Evelyn fi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ò gbọdọ̀ wà á. Ọmọ ta ni ẹ wá fẹ́ kó wà á?"

Ọbẹ̀ hó títí ó fi kún dà sórí iná, Lará ló dìde lọ pa á.

"Mo rò pé ó ṣì ń rí bàìbàì," ni Ọlọ́runyọmí wí, nígbà tó yá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, bóyá àlùbọ́sà ni, bóyá òun kọ́. "Mo ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé ó ṣì ń rí bàìbàì. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà màá wá ibì kan fún un. Mo kàn ń wá ẹ̀ẹ̀kan sí i ni. Nígbà tí Adéolú wá gba ẹ̀bi náà, mo… Ọlọ́run dárí jì mí, ìyàwó wa. Ọkàn mi balẹ̀."

Lará jókòó tì í. "Ẹ bá ti sọ fún mi, Dádì. Èmi náà ni Màmá kú fi sílẹ̀."

*

Ní Sátidé, kọmítì jókòó ní òwúrọ̀. Ọlọ́runyọmí kò jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ti ń ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Adéolú ni bàbá náà dìde, tó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi iyọ̀ sí i, kò sì dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Adéolú fẹ́ dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì. Evelyn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó jókòó.

Kọmítì bọ́ sẹ́yìn, wọ́n padà. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Adéolú, a rí i pé o ṣe gbogbo ohun tí awakọ̀ lè ṣe. Ẹ̀sùn àìkíyèsára kúrò lọ́rùn rẹ."

Adéolú mí kanlẹ̀.

"A ò tíì parí ọ̀rọ̀. O mọ ohun tó ṣe ẹṣin náà, o sì pa irọ́ fún wa. Ká ní a gba irọ́ rẹ gbọ́ ni, à bá tún ti gbé ẹlòmíràn sẹ́yìn rẹ̀. O ò ní wa ẹṣin níbí fún oṣù kan. Mo máa kọ̀wé sí àwọn ará àríwá fúnra mi, màá sì sọ ohun méjèèjì fún wọn. Ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Adéolú ronú kó tó dáhùn. "Rárá, sà. Ẹ ṣeun, sà."

Wọ́n gba láísẹ́ǹsì Ọlọ́runyọmí pátápátá. Ó bọ́ àmì ẹgbẹ́ kúrò láyà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè, ó gbé e sórí tábìlì. Ní ti Àbẹ̀kẹ́, kọmítì gbà kó wà nínú ọgbà títí wọn yóò fi rí ibi tí koríko wà fún un. Ẹnì kan kọ́kọ́ ráhùn pé òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Alága ní òun mọ ohun tí òfin sọ.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọlọ́runyọmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Evelyn.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé ọsibítù."

*

Ẹsẹ̀ Anthony ṣì wà lókè. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gé ápù fún un. Evelyn ti rò pé bàbá náà máa kọ́kọ́ ṣàlàyé, pé á ní ẹṣin ni, agboòrùn ni, ìbànújẹ́ ni. Kò ṣàlàyé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí àga. Ó di irin ibùsùn mú, ó rọra kúnlẹ̀, orúnkún kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, níwájú ọmọ tó lè bí.

"Mo mọ̀ pé ẹṣin náà ò ríran," ló wí. "Mo mọ̀ kó tó sáré. Mo dákẹ́, ìwọ lo sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Dárí jì mí."

Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, torí kò sí èdè mìíràn tó lè fi kúnlẹ̀. Evelyn túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ọ̀bẹ ápù dúró lọ́wọ́ ìyá. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè, ó sì wo àgbàlagbà tó wà nílẹ̀. Ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ojú Anthony pọ́n. Inú bí i, ó hàn kedere. Ó fa aṣọ ibùsùn mọ́ra, ó kọjú sí ògiri. Bàbá náà kò mira.

Níkẹyìn Anthony yíjú sí Evelyn.

"Àǹtí," ló fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, "kí ni bàbá mi ì bá sọ fún wọn?"

Evelyn sọ ọ́ fún un.

Ó gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́ ètè lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ibi tí apá rẹ̀ gùn mọ, ó sì sọ ọ́ sókè, ohùn rẹ̀ wọ́, àmì ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló yé:

"Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ dìde."